Oògùn Tí Wọ́n Bá Wa Rà Láti Òkè Òkun: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Alágbàtà Kan ní Bódìjà

Ẹni tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn ojú lóṣooṣù ní Ìbàdàn mọ̀ pé oògùn ti wọ́n bí ojú. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí ilé-iṣẹ́ aṣoògùn GlaxoSmithKline sì kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà pé òun ń kó ẹrù òun kúrò ní Nàìjíríà, àwọn alágbàtà tí ń báni ra oògùn láti Íńdíà àti Ìlú Ọba kò ṣọ̀wọ́n mọ́ láàárín ìgboro. Ọ̀kan nínú wọn, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Bódìjà, ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń bá ṣe fún oògùn ìyá wa, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ mi kò gùn: iṣẹ́ wọn dára fún oògùn oníhóró tí ẹ kò bá rí rà nílé, ṣùgbọ́n ẹ má gbé oògùn tó gbọ́dọ̀ wà ní tútù lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ ó ya fọ́tò ìwé tí dókítà kọ, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọn yóò sì sọ iye rẹ̀ fún yín ní dọ́là, èyí tí wọn yóò ṣírò sí náírà gẹ́gẹ́ bí dọ́là bá ṣe jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó. Ẹ ó san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ṣáájú, ẹ ó sì san ìyókù nígbà tí ẹrù bá dé. Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni pé wọn kì í ra oògùn fún ẹni tí kò bá ní ìwé dókítà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi oògùn oorun díẹ̀ kún tiwa, arábìnrin tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn níbẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà yín, a ò lè rà á bẹ́ẹ̀." Ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì àdúgbò ni ì bá tà á láìbéèrè ohunkóhun.

Oògùn méjì àkọ́kọ́ tí a ní kí wọ́n rà ni amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti atorvastatin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Méjèèjì dé láti Íńdíà ní pípé, páálí wọn kò fọ́, ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ lò wọ́n mọ́ ṣì jìnnà, nọ́ńbà ara páálí sì bá ti káàdì oògùn inú rẹ̀ mu. N kò ní àríwísí kankan lórí èyí, àfi ti owó. Oògùn Íńdíà kò wọ́n nítorí pé òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1970 fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ wọn láti ṣe oògùn tí ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ ṣe, bí wọ́n bá ti lè gba ọ̀nà mìíràn ṣe é, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2005. Ṣùgbọ́n àǹfààní yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Ẹ̀tọ́ àdáni, ìyẹn ẹ̀tọ́ pé kí ẹlòmíràn má ṣe é, tí ilé-iṣẹ́ Pfizer ní lórí oògùn méjèèjì ti parí láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, èyí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà sì wà lórí àtẹ àwọn ilé oògùn ní Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀ àti Ring Road, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC lára wọn. Nígbà tí a ro owó ìfiránṣẹ́ àti owó iṣẹ́ alágbàtà mọ́ iye oògùn, ohun tí a jèrè kò tó owó mọ́tò láti Mọ́níyà sí Bódìjà. Àwọn ènìyàn wa gbà pé èyí tó bá ti òkè òkun wá tààrà nìkan ni orígínà. Àní ẹ̀gbọ́n mi, tó kàwé dáadáa, ṣì ń tọ́ka sí páálí náà bíi pé páálí ni Màmá ń gbé mì.

Ti oògùn ojú ló yàtọ̀. Ìyá wa ní gíláúkómà, àrùn tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, tí omi inú ojú tó ń ti ojú láti inú jù sì sábà máa ń dá kún un. Kì í sábà dunni, ohun tí ojú bá sì ti pàdánù kì í padà. Latanoprost ni dókítà kọ fún wọn, kí wọ́n máa kán an lẹ́ẹ̀kan lálaalẹ́. Ìgò rẹ̀ kéré, mílílítà 2.5 péré ló wà nínú rẹ̀. Irú èyí tí a rà yìí, bí a kò bá tíì ṣí i, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, níbi tí òtútù ti wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Celsius. Bí a bá ti ṣí i, a lè gbé e síta níbi tí ooru kò bá ti ju 25 lọ, kí a sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oṣù Kẹta ni a ní kí wọ́n rà á, nígbà tí ooru Ìbàdàn sábà máa ń ju 30 lọ lọ́sàn-án.

Páálí tí wọ́n fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n gbé wá fún wa, àpò yìnyín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà. Yìnyín ọ̀hún ti di omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí mo wádìí, mo gbọ́ pé alẹ́ ni ọkọ̀ tó gbé e láti Èkó wọ Ìbàdàn, ẹrù náà sì sùn sí gáréèjì Ìwó Road títí ilẹ̀ fi mọ́. Arábìnrin náà ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà, ẹ ṣáà tètè gbé e sí fíríìjì, á padà sípò." Oògùn tí ooru ti bà jẹ́ kì í padà sípò nítorí pé ó tún tutù. Kò sí ẹni tó lè sọ bí ooru tó bá a ti pọ̀ tó, nítorí pé kò sí ohun tó ń ka ooru nínú páálí. Wíwo ìgò kò sì lè sọ ọ́, nítorí pé èyí tó dára àti èyí tí agbára rẹ̀ ti dín kù lè mọ́ gaara bákan náà. Mo gbé e lọ bá apòògùn kan ní Mọ́kọ́lá, ó sì ní kí n má kán an sí Màmá lójú. Ó ní bí kò bá ṣiṣẹ́, Màmá kò ní mọ̀, èmi náà kò sì ní mọ̀, àfi ìgbà tí dókítà bá tún yẹ ojú wọn wò.

Ìgò náà kò ní nọ́ńbà NAFDAC, bẹ́ẹ̀ òfin tó ti wà láti ọdún 1993 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ gbé oògùn tí àjọ náà kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ wọlé fún títà. Bí oògùn tó ní nọ́ńbà bá ṣèèyàn ní jàǹbá, a mọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e wọlé, a sì mọ ibi tí a ó ti mú ẹjọ́ lọ. Nọ́ńbà fóònù nìkan la ní ní tiwa. Lẹ́yìn àríyànjiyàn díẹ̀, wọ́n dá ìdajì owó wa padà, wọ́n sì ní kí ìyókù dúró de ohun mìíràn tí a bá fẹ́ rà. Wọ́n bẹ̀ wá dáadáa, ṣùgbọ́n mo rò pé gbogbo owó ló yẹ kí wọ́n dá padà.

Àwọn kan máa ń ní kí a kúkú ní kí àbúrò wa tó wà ní London rà á. Latanoprost kì í ṣe oògùn tí ẹnikẹ́ni lè wọ ilé oògùn lọ rà níbẹ̀ láìní ìwé dókítà, ìwé tiwa nílé kò sì lè dúró fún tiwọn. Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ yẹ ní mímẹ́nu bà: àwọn ará ibẹ̀ ń ra oògùn láti Kánádà nítorí owó tiwọn.

Latanoprost tí Màmá ń kán báyìí, ọwọ́ apòògùn Mọ́kọ́lá yẹn ni a ti rà á. Íńdíà náà ni wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka òtútù sì wà lára fíríìjì tó ti gbé e jáde, tí ó fi sọ́là gbé e ró nítorí iná tí kì í dúró. Ó wọ́n ju ti alágbàtà lọ díẹ̀, ó sì rọjú gan-an ju èyí tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ Òyìnbó lára lọ. N kò ní sọ pé owó yẹn rọrùn. Àṣẹ tí Ààrẹ Tinubu pa ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, láti mú owó orí kúrò lórí ẹ̀rọ àti èròjà tí a fi ń ṣe oògùn, kò tíì hàn nínú iye tí à ń san lórí káńtà.

Owó wa tó kù lọ́wọ́ alágbàtà Bódìjà náà, a ti ní kí wọ́n fi ra oògùn oníhóró kan tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò, tí a wá títí ní Ìbàdàn tí a kò rí. Arábìnrin náà ní àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo àpótí tó ń fi ìwọ̀n ooru hàn kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Bí mo bá fi ojú ara mi rí i, n óò tún oògùn ojú gbé fún wọn rà.