Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti owó ìrànwọ́ lórí àyípadà ojú-ọjọ́: ohun tí mo rí ní Májídùn, Ìkòròdú

Tíṣà ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní apá Májídùn. Ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, mo gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ márùn-ún lórí bí àdúgbò ṣe lè múra de àyípadà ojú-ọjọ́. Wọ́n so ó mọ́ owó ìrànwọ́ kékeré fún ẹgbẹ́ tí ìwé àbá rẹ̀ bá dára. Àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba ló ṣe é. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ sọ, àti nítorí pé irú ètò yìí ti pọ̀ káàkiri Èkó. Ohun tí mo rí á wúlò fún ẹni tó bá ń lọ sí èyíkéyìí nínú wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí n lè rí ibi tó máa já sí. Tí ẹ bá bi mí, ẹ lọ. Àmọ́ ẹ má dá lọ, ẹ má sì fọwọ́ òfo lọ.

Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni Odò Ògùn ti ń wọ inú ọ̀sà. Dáàmù Ọyán wà lókè lọ́hùn-ún ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti ọdún 1983. Bí òjò bá pọ̀ tí dáàmù náà kún, wọ́n á tú omi sílẹ̀, àwa tí a wà nísàlẹ̀ la ó sì gbà á lálejò. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú ò tíì gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí omi lé wọn kúrò nílé. Iléèwé tèmi kì í rì, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, bí mo bá ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà, àwọn ọmọ etí omi kì í dáhùn. Ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Tí wọ́n bá padà dé, ẹ̀kọ́ ìṣirò ti kọjá lára wọn, ara ẹlòmíì ò sì tíì yá dáadáa. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń fi bírò pupa sàmì sí orúkọ wọn, tí mo ń pa ìwé náà dé, tí mi ò mọ̀ pé mo ní nǹkan lọ́wọ́.

Kí ọjọ́ márùn-ún náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní UN CC:Learn. UNITAR, iléeṣẹ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ló ń bójú tó o. Kọ́bọ̀ kan ò jáde lọ́wọ́ mi, àfi owó détà. Èèyàn á kà á, á wo fídíò, á dáhùn ìbéèrè, bó bá yege wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ṣe é, lórí fóònù, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ mi bá ti sùn. Ẹ má fojú kéré ẹ̀kọ́ yìí, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá pè yín sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì kan gbóná sí i, ó lè gbé nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún omi lé ti tẹ́lẹ̀. Tó bá wá fẹ́ rọ̀, yóò rọ̀ tagbáratagbára. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ méjì tí mo máa ń dà pọ̀: dídín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù, àti mímúra de ooru àti omi tó ti ń bọ̀ lọ́nà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kejì yìí ló kan Májídùn jù. Èéfín tí àwa ń tú kò tó nǹkan, inú ilé wa sì ni omi ń wọ̀.

Ọjọ́ kìíní kò dùn mọ́ mi. Àwòrán lára ògiri láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ńláńlá lórí ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ìyá kan tó ń yan ẹja rọra bi mí pé kí ni resilience tí wọ́n ń pè látàárọ̀. Mo ní kí wọ́n fojú inú wo igi tí ìjì tẹ̀ títí tí kò ṣẹ́, tí ìjì kọjá tó tún nà ró. Wọ́n ní, "Àṣé àwa ni wọ́n ń sọ." Ọ̀rọ̀ màmá yìí yé mi ju gbogbo àwòrán tó wà lára ògiri lọ.

Ọjọ́ kejì ni ojú mi là. Wọ́n tẹ́ páálí ńlá sílẹ̀, wọ́n ní kí a ya àdúgbò wa sí i: ojú ọ̀nà, ilé, kànga, èbúté, ibi tí omi kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Bàbá apẹja kan, ará Ìlàjẹ tó ti dàgbà sí Májídùn, kò mú bírò. Wọ́n kàn ń fi ìka tọ́ka. Nígbà tí olùkọ́ wa bi wọ́n pé ìgbà wo ni omi máa ń wọlé, wọ́n dáhùn pé:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, omi Ọyán nìkan kọ́. Bí òṣùpá bá ràn mọ́jú, omi òkun á máa ti ọ̀sà bọ̀, odò ò ní ríbi lọ. Ọjọ́ tí omi òkè bá bá omi òkun pàdé, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń gbé àwọ̀n mi sókè àjà."

Olùkọ́ náà dúró, ó ní kí Bàbá tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó ṣàlàyé fún wa pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: nígbà òṣùpá àrànmọ́jú àti nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi òkun máa ń ga ju ti àwọn ọjọ́ yòókù lọ. NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú-ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, NIHSA, àjọ tó ń rí sí omi odò, náà á gbé ti àkúnya omi jáde, ṣùgbọ́n agbègbè ńláńlá ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọjọ́ tí Bàbá ń gbé àwọ̀n sókè àjà kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ náà wá bi wá pé nínú gbogbo ohun tí a mọ̀ yìí, èwo la ti kọ sílẹ̀? Gbogbo ilé dákẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a fi ike omi ṣe ohun èlò tí a fi ń wọn òjò. Mo fẹ́ kí gbogbo tíṣà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wá ike ńlá tí ara rẹ̀ tẹ́jú, tí kò rí wúruwùru. Ẹ gé e níbi èjìká, ẹ yí orí rẹ̀ padà sínú bí àrọ. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e ṣubú, ẹ bu omi lé òkúta náà títí yóò fi bò ó, ẹ fàlà síbẹ̀, kí ẹ pe ìlà náà ní òdo. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ẹ fi rúlà sàmì sí i ní mìlímítà. Ẹ gbé e síta gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé. Mìlímítà kan òjò dọ́gba pẹ̀lú lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan. Nígbà tí mo fi èyí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n wọn òrùlé iléèwé, wọ́n ṣírò iye lítà tí òjò òru ọjọ́ kan dà lé e, ẹnu sì yà wọ́n. Òfin Àyípadà Ojú-Ọjọ́ tí ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, buwọ́ lù ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 mẹ́nu ba fífi ẹ̀kọ́ lórí àyípadà ojú-ọjọ́ kún ohun tí à ń kọ́ ọmọ ní iléèwé. Ní tèmi, ike omi yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fi ọjọ́ kẹta sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n á kàn kọ lẹ́tà sí Green Climate Fund, àpò owó àgbáyé fún àyípadà ojú-ọjọ́, tó wà ní Songdo, ní Kòríà Gúúsù, kí owó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ni owó yẹn ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ẹgbẹ́ àdúgbò ò lè nawọ́ gbà á fúnra rẹ̀. Èyí tó súnmọ́ irú wa ni Small Grants Programme, ètò owó ìrànwọ́ kékeré ti GEF, àpò owó àgbáyé fún àyíká, tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ń darí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti wà láti ọdún 1992. Ẹgbẹ́ ará ìlú àti àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba ló wà fún, ẹnì kan ṣoṣo ò lè gbà á, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè tó 50,000 dọ́là fún iṣẹ́ kan. Ti àwa kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ₦850,000 ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi wá nínú fọ́ọ̀mù bá ọgbọ́n kan náà lọ: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí yín, báwo lẹ ṣe mọ̀, kí lẹ fẹ́ ṣe, báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

"Báwo lẹ ṣe mọ̀" yìí ló gbé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣubú. Ẹgbẹ́ kan kọ ojú ewé mẹ́rin lórí ìyà tí omi fi ń jẹ wọ́n, wọn ò sì rí déètì kan ṣoṣo kọ sínú rẹ̀. Èmi sáré lọ kó rẹ́jísítà mi. Èmi àti akọ̀wé CDA wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, jókòó lóru, a ka àmì pupa ọdún mẹ́sàn-án, a tò ó sí oṣù. Gbogbo ọdún ló ga ní oṣù kẹwàá. A kó ọ̀rọ̀ Bàbá Ìlàjẹ lé e. A ní afárá pákó la fẹ́, láti ẹ̀bá omi dé ojú ọ̀nà ńlá, kí ọmọ lè rí ọ̀nà wá síléèwé. Wọ́n mú tiwa.

Ẹ̀sùn mi wá kù. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹja ń gúnlẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja, tí wọ́n mọ omi ju àwa tíṣà lọ, kì í dúró ju wákàtí kan lọ. Tí wọ́n bá gbé e sí ọ̀sán, gbogbo wọn ni wọn ì bá wà níbẹ̀. Kò sí ìwé kankan ní èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ tiwa nínú yàrá yẹn, Yorùbá ni gbogbo wa ń sọ. Èyí tó dùn mí jù ni owó náà. Oṣù kẹfà ni wọ́n ṣèlérí rẹ̀, kí afárá lè wà nílẹ̀ kí omi tó dé. Oṣù kọkànlá ló wọlé. Omi ti wá, ó ti lọ, mo sì ti tún fi bírò pupa sàmì sí orúkọ àwọn ọmọ kan náà. Owó tí wọ́n ní ó wà fún ìmúrasílẹ̀ kò gbọdọ̀ dé lẹ́yìn ohun tí à ń múra de. Mo sọ èyí fún wọn lójúkojú, mo tún kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ wa.

Láàárín ìgbà tí à ń retí owó, a ò jókòó. A dá owó, a ra pákó gígùn kan àti ọ̀dà, a kùn ún ní ìpele ìpele, a rì í mọ́ èbúté. Ọmọ Bàbá Ìlàjẹ ló ń kà á láràárọ̀, tó ń fi í sórí WhatsApp àdúgbò. Bí omi bá kan ọ̀dà pupa, gbogbo èèyàn á gbé ẹrù sókè.

A kan afárá náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ 23 nínú 41 ni kò wá sí kíláàsì mi ní ọ̀sẹ̀ méjì tí omi fi wà nílẹ̀. Lọ́dún yìí, ọmọ mẹ́sàn-án ni. Mi ò lè sọ pé afárá nìkan ló ṣe é, nítorí ọ̀pá wa fi hàn pé omi ọdún yìí kò ga tó ti èṣí. Ṣùgbọ́n mo rí wọn láàárọ̀ lórí pákó náà, bàtà wọn gbẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí irú ètò yìí, ẹ tètè fi orúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹ ṣí àkáǹtì bánkì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, tí èèyàn méjì á máa buwọ́ lù. Àwa pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nídìí èyí. Ẹ ra ìwé rìsíìtì dání lọ bá oníplánkì àti káfíńtà, torí wọn kì í ní, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ mú apẹja kan dání, ẹ mú ìyá ẹlẹ́ja kan. Ẹ kó ohunkóhun tó ní déètì: rẹ́jísítà, ìwé ìpàdé CDA, fọ́tò inú fóònù.

Ìwé òjò tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọ wà lórí tábìlì mi báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ìwé àbá fún àdúgbò tirẹ̀ ní Ìkòròdú, tó bá wù ú láti lò ó, kó yà wá síléèwé lẹ́yìn aago méjì. Màá jẹ́ kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀.