Ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ ewu lórí katapílà: oṣù méje tí a fi lò ó lórí sáìtì wa

Oṣù méje rèé tí a ti de ẹ̀rọ ìkìlọ̀ yìí, tó máa ń ké bí katapílà bá sún mọ́ ibi eléwu, mọ́ excavator méjì (katapílà tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbẹ́ ilẹ̀) àti búdósà kan lórí sáìtì tí mo ti ń ṣe ṣáfẹ́yọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Èmi ni mo ya àwọn ààlà ewu tó wà nínú rẹ̀, èmi náà ni wọ́n máa ń pè nígbà tó bá ń ké láìnídìí, tàbí nígbà tó bá dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti ké. Ohun tí ojú mi rí ni mo ń kọ. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe tiwa. Trimble, Leica àti Topcon lorúkọ wọn gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀nà tí ẹ̀rọ wọn ń gbà ṣiṣẹ́ sì jọra, nítorí náà èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ ó bá ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí pàdé.

Ilẹ̀ Ògùn kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn kàn ń ti bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀. Ìtòkí ni páìpù gáàsì tó gba abẹ́ òkun lọ sí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà ti bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn páìpù kéékèèké mìíràn ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ọ̀kan nínú àwọn kéékèèké yẹn la ibi tí a ń gbẹ́ kọjá. Ní apá ìlà oòrùn sáìtì, wáyà iná 132 kV ló gba orí wa kọjá. Excavator tọ́ọ̀nù 20 tó bá na ọwọ́ sókè tán lè ga tó mítà 9, irú iná bẹ́ẹ̀ kò sì dìgbà tí irin bá kàn án kó tó fò mọ́ irin. Kí á tó ra ẹ̀rọ yìí, èèkàn, okùn pupa àti ojú ọpurétọ̀ nìkan la gbójú lé. Òjò ń wó èèkàn, okùn ń já, ojú sì ń rẹni bí oòrùn bá ti mú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Eríàlì méjì wà lẹ́yìn katapílà tí wọ́n ń gba àmì sátẹ́láìtì. Ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì ni pé ọ̀kan ṣoṣo lè sọ ibi tí katapílà wà, àmọ́ kò lè sọ ibi tó kọjú sí bó bá dúró lójú kan. Sẹ́ńsọ̀ wà lára apá ńlá, apá kékeré àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ló ń jẹ́ kó mọ ibi tí eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní gbogbo ìgbà. Béèsì, ìyẹn ẹ̀rọ GPS kan tí a gbé kalẹ̀ sójú kan ní sáìtì, ń fi rédíò ta á lólobó àṣìṣe tó wà nínú àmì sátẹ́láìtì, kó lè péye dé sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Ṣáfẹ́yọ̀ á ya ibi eléwu lórí kọ̀ǹpútà, á fi sínú tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú ọpurétọ̀. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì á di pupa, á sì máa ké.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kù díẹ̀ kí ẹ̀rọ yìí pa wá lára, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Àwọn tó ni páìpù ti fún wa ní pílánù tiwọn. Mo gba nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, mo ya ààlà yí páìpù ká, mo fi sínú ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ wọlé láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹta, ọpurétọ̀ wa àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Alájì, gbé katapílà lọ sí etí igbó láti ro ojú ọ̀nà. Ó rí òpó kékeré kan nínú koríko, irú òpó àmì tí àwọn onígáàsì máa ń rì sórí páìpù wọn. Ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò ké. Alájì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé ilẹ̀, ó pa katapílà, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì pè mí.

Ó ní, “Ṣáfẹ́yọ̀, òpó gáàsì rèé. Kí ló dé tí ẹ̀rọ rẹ ò sọ̀rọ̀?”

Mo ní, “Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà sórí ẹ̀. Mò ń bọ̀.”

Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo fi GPS ọwọ́ mi wọn òpó náà, mo rí i pé ààlà tí mo yà wà nínú oko ẹ̀gẹ́ kan tí kò kan páìpù rárá. Minna ni wọ́n fi wọn nọ́ńbà tó wà lórí pílánù, ìyẹn ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí àwọn ṣáfẹ́yọ̀ Nàìjíríà ti ń lò látayébáyé, èyí tó dá lé Clarke 1880, ìṣirò kan nípa bí ayé ṣe rí. Ìpìlẹ̀ ìwọ̀n mìíràn, WGS84, ni ti GPS, òun ni mo sì fi tò béèsì wa. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì lágbègbè wa lé ní mítà 100. Ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ ni pé nọ́ńbà méjèèjì jọra bí ìbejì: méjèèjì ni wọ́n kọ UTM Zone 31, orúkọ apá máàpù tí agbègbè wa wà, sí lórí, iye díjíìtì wọn dọ́gba, kò sí èyí tí ẹ̀rọ máa kọ̀. Ẹ̀rọ gba ohun tí mo fún un. Ó ń ṣọ́ oko ẹ̀gẹ́ fún wa tọkàntọkàn.

Bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí. Kí ẹ tó fi pílánù ẹnikẹ́ni sínú ẹ̀rọ, ẹ béèrè ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n lò, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ fi ẹsẹ̀ yín rìn ín. A dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo wá òpó ìwọ̀n ìjọba mẹ́ta tó wà nítòsí, tí wọ́n ti mọ nọ́ńbà ibi tí wọ́n wà, mo fi wọ́n so béèsì wa mọ́ Minna. Àwọn onígáàsì rán èèyàn wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, a sì fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò kéékèèké títí a fi fojú rí páìpù níbi márùn-ún. Ibi tí a ti rí i gan-an ni mo wá fi ya ààlà tuntun. Ní ibi méjì nínú márùn-ún yẹn, páìpù kò tilẹ̀ sí níbi tí pílánù sọ pé ó wà, kódà lẹ́yìn tí mo ti tún ìwọ̀n ṣe.

Ẹjọ́ kejì ni ti ariwo. Mo fi ìkìlọ̀ sí mítà 10 kí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dé ààlà, torí ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ó ń ké. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọpurétọ̀ kékeré ti fi aṣọ àti téèpù dí ibi tí ohùn ti ń jáde. Mi ò bá a wí, ẹni tí wọ́n ń pariwo sí létí fún wákàtí mẹ́jọ ni. Mo jókòó tì í nínú kábìn fún ìdajì ọjọ́ kan, mo wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yára tó àti bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dúró. A jọ fẹnu kò sí mítà 4: á kọ́kọ́ ké díẹ̀díẹ̀, á sì wá ké láìdábọ̀ tó bá ku mítà kan. Látìgbà náà, tó bá ké, wọ́n ń dúró. Ẹni tó bá ń to irú ẹ̀rọ yìí láti ọ́fíìsì láìjókòó nínú kábìn ń fi àkókò ṣòfò.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó tà á fún wa kò sọ, inú mi ò sì dùn sí i. Bí ẹ̀rọ náà ṣe dé, eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń ṣọ́. Ẹ̀yìn katapílà, ibi tí irin wúwo wà, kò kàn án. Bẹ́ẹ̀ bí excavator bá yí, ẹ̀yìn yẹn lè gbá òpó iná tàbí ògiri nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lójú kejì. Ibì kan wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè yí i padà kó máa ṣọ́ gbogbo ara katapílà, àmọ́ ó jìn sínú, lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹ wá a rí.

Ti wáyà iná ló gba ọgbọ́n jù. Ààlà tí èèyàn bá yà sórí ilẹ̀ dà bí ògiri tó ga dé ọ̀run: búdósà tó ń gba abẹ́ wáyà kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ máa ké bíi ti excavator tó na ọwọ́ sókè. Mo ya fáìlì ọ̀tọ̀ fún búdósà. Ti excavator ni mo fi òrùlé sí, gíga kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, ìyẹn ni pé ó lè wọ abẹ́ wáyà bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nílẹ̀ nìkan. Àmọ́ wáyà kì í dúró lójú kan. Bí oòrùn bá mú, tí iná tó ń gba inú rẹ̀ sì pọ̀, ó máa ń gùn, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Àárọ̀ ni mo kọ́kọ́ wọn gíga rẹ̀. Nígbà tí mo tún un wọn ní aago méjì ọ̀sán, ó ti rọ̀ ju ti àárọ̀ lọ, ọ̀sán yẹn ni mo sì lò, mo yọ àyè tí àwọn oníná ní ká yọ kúrò lára rẹ̀. Mo tún sọ fún gbogbo ọpurétọ̀ pé bí irin bá kan wáyà, kí wọ́n jókòó sínú kábìn, kí wọ́n lé èèyàn jìnnà títí wọn á fi pa iná. Bí katapílà bá ń jó nìkan ni kí wọ́n fò sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀, kí ọwọ́ wọn má kan irin nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bá kan ilẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e tán. Lágbègbè wa tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, afẹ́fẹ́ òkè máa ń da àmì sátẹ́láìtì rú láti ìrọ̀lẹ́ títí di nǹkan bí òru, pàápàá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tiwa pàdánù ìpéye ní aago méje alẹ́ nígbà tí a ń sáré parí iṣẹ́. Ó kọ ọ́ sójú tábúlẹ́ẹ̀tì ní lẹ́tà kékeré, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ dákẹ́. Ó yẹ kó jẹ́ pé bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni á ké jù. A ti ṣòfin tiwa: bí iná kékeré tó wà lókè tábúlẹ́ẹ̀tì kò bá jẹ́ àwọ̀ ewé, bọ́kẹ́ẹ̀tì á lọ sílẹ̀.

Kò sì rí èèyàn. Ààlà inú kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ̀. Ìyá tó ń ta ìrẹsì fún wa, ọlọ́kadà tó ń gba sáìtì kọjá, lébìrà tó tẹ̀ síwájú láti mú ṣọ́bìrì, kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń lo kámẹ́rà, rádà tàbí àmì tí wọ́n so mọ́ akoto òṣìṣẹ́ fún ìyẹn, àmọ́ owó rẹ̀ tún dá dúró. Àwa ṣì fi ọ̀dọ́kùnrin méjì sí i tó ń fọwọ́ júwe fún ọpurétọ̀, mi ò sì gbà kí wọ́n dín wọn kù nítorí pé ẹ̀rọ dé.

Owó ẹ̀rọ yìí lórí katapílà kan tó owó ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó dáa, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Màá tún rà á. Láàárín oṣù méje, ó ti dá bọ́kẹ́ẹ̀tì dúró níwájú páìpù yẹn lójú mi ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ, nínú òjò, nínú ẹrẹ̀ tí èèkàn ti wó lulẹ̀, àti lọ́jọ́ kan tí ọpurétọ̀ kékeré ò tíì sùn nítorí ọmọ tuntun tó wà nílé.

Alájì ló wá ṣe ohun tó mú ọkàn mi balẹ̀ jù. Ó ní kí n rì èèkàn kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń páàkì sí, kí n sì ya ààlà kékeré yí i ká nínú ẹ̀rọ, láìfi àyè mítà 4 yẹn kún un. Lárààárọ̀, kó tó gbẹ́ ohunkóhun, á na bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ síbi èèkàn náà, á dúró kó gbọ́ igbe. Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan èèkàn, ẹ̀rọ kò ké. A lọ wo béèsì, a bá ẹsẹ̀ kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta tó rì sínú ilẹ̀ tí òjò òru ti rọ̀. Mo tún un gbé kalẹ̀, mo tún un wọn lẹ́ẹ̀mejì, Alájì sì padà lọ bá èèkàn rẹ̀. Ó ti di aago mẹ́wàá kí katapílà àkọ́kọ́ tó kúrò níbi ìgbọ́kọ̀sí.