Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń wa tírélà: áńtẹ́nà CB "a ti túùnù ẹ̀ tán" yìí, gbájúẹ̀ ni

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wa tírélà káàkiri Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san owó áńtẹ́nà CB mìíràn, ìyẹn rédíò tí àwa awakọ̀ fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tó wà lọ́jà báyìí ti bàjẹ́. Àwọn tí mo ń sọ gan-an ni áńtẹ́nà kúkúrú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ẹ̀gbẹ́ truck stop (ibi tí tírélà ti ń dúró sinmi), tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé wọ́n ti túùnù ẹ̀ (ìyẹn ni pé wọ́n ti ṣe gígùn rẹ̀ kó bá ìgbì CB mu) láti ilé-iṣẹ́, àti pé ó lè gbé 10,000 wáàtì. Wáàtì 4 péré ni òfin FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó rédíò, gbà fún CB lórí AM. Kí lèèyàn fẹ́ fi 10,000 ṣe? Ẹni tó bá kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sára ọ̀pá ike ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ "a ti túùnù ẹ̀" yẹn gan-an ò lè jẹ́ òtítọ́. Ṣánẹ́ẹ̀lì 40 tí CB ní wà láàárín 26.965 sí 27.405 MHz. Ìgbì rẹ̀ gùn tó mítà 11, ọ̀pá tó bá a mu sì jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀, bíi mítà 2.75. Tírélà fúnra rẹ̀ ga tó mítà 4.1 láti ilẹ̀. Ẹni tó bá fi ìyẹn lé e lórí á fi gbá bíríìjì ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ké e kúrú, tí wọ́n á wá ká wáyà sínú rẹ̀ láti fi dípò gígùn tí wọ́n yọ. Irin ara ọkọ̀ ló sì ń ṣe ìdajì iṣẹ́ tó kù. Áńtẹ́nà tí wọ́n dè mọ́ irin dígí ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ṣe bákan náà lára ọkọ̀ tuntun tí fiberglass, tí kì í ṣe irin, pọ̀ lára rẹ̀. Báwo ni ilé-iṣẹ́ ṣe mọ èyí tí ẹ máa fi sí? Orí ọkọ̀ yín ni wọ́n ti ń túùnù ẹ̀, pẹ̀lú mítà SWR.

Orí mítà yìí ni owó yín ń bá lọ. Ọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù á so áńtẹ́nà mọ́ ọkọ̀, á ki mítà sáàárín, á tẹ máìkì, á ní "Ẹ wò ó, 1.1!" Ẹ sanwó, ẹ bá tiyín lọ. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí agbára tí rédíò tì jáde ṣe ń padà sẹ́yìn tó. 1.5 sísàlẹ̀ dára, 2 ṣì ṣeé fara mọ́; tó bá ti dé 3, ẹ má tẹ máìkì mọ́, kí rédíò yín má baà jó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń yí i. Mítà alábẹ́rẹ́ ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ yí títí abẹ́rẹ́ á fi kan àmì SET, kí wọ́n tó wá gbé e sí REF, níbi tó ti ń ka agbára tó ń padà. Tó bá dá a dúró kó tó kan àmì, nọ́ńbà tó máa jáde á kéré ju òtítọ́ lọ. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní ṣe ìyẹn, ṣánẹ́ẹ̀lì 20 nìkan ni wọ́n á fi hàn yín, níbi tó ti máa ń dára jù. Ẹ ní kó gbé e lọ sí 1, kó gbé e lọ sí 40, kó sì yí SET lákọ̀tun níbi kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó burú jù ni pé nọ́ńbà lè dára lóòótọ́ kí áńtẹ́nà má wúlò. Dummy load, ohun tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń so mọ́ ọn dípò áńtẹ́nà láti fi dán an wò, máa ń fún yín ní 1.1 láti ṣánẹ́ẹ̀lì 1 dé 40, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ yín, torí ooru ló ń sọ gbogbo agbára náà dà. Áńtẹ́nà tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín ká, tí coax rẹ̀ (wáyà tó so ó mọ́ rédíò) náà ò dára, ohun kan náà ló ń ṣe: ó ń mu agbára bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, kò wá sí nǹkan tó máa padà dé mítà. Áńtẹ́nà kúkúrú tó jẹ́ ojúlówó, ní ṣánẹ́ẹ̀lì àárín ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń wálẹ̀, á gòkè díẹ̀ ní 1 àti ní 40. Tí ẹ bá rí ọ̀pá tí kò ga tó mítà kan, tó dúró sórí 1.1 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ fura.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà ti lọ sílẹ̀. Ẹ mú èyí tí àwọn àgbà awakọ̀ ṣì ń lò wá, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ìwúwo nìkan á ti sọ fún yín. Wáyà inú ti àtijọ́ nípọn, sọ́dà ló dì í mú lókè àti nísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ tuntun, wọ́n kàn fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Tí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n lójú ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, wáyà náà á ti máa mì nínú ihò rẹ̀, omi á wọlé, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Síkúrù kékeré tó ń di orí ọ̀pá mú náà rọ̀ débi pé eyín rẹ̀ á fá nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn náà atẹ́gùn á máa ti orí yẹn wọlé díẹ̀díẹ̀. Sípíríǹgì ìsàlẹ̀ ọ̀pá tó dára máa ń ní okùn bàbà tó gba inú rẹ̀ kọjá, kí iná má baà já nígbà tó bá ń tẹ̀. Wọ́n ti yọ ìyẹn náà. Ní ti coax, ẹ fi ọ̀bẹ bó etí rẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá ń rí ike funfun láàárín okùn tí wọ́n hun bò ó, wọ́n ti ṣahun wáyà. Tí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha wáyà àárín, tí inú rẹ̀ funfun, alumíníọ̀mù tàbí irin tí wọ́n fi bàbà kùn ni.

Mi ò rò pé àdììtú kankan wà níbẹ̀. Fóònù ti gba ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́wọ́ CB, àwọn tó kù ń wá ọjà pọ́ọ́kú, àwọn tó ń ṣe é sì ń dín owó kù níbi tí ojú ò dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba I-80 ní Wyoming nígbà òtútù, láàárín Laramie sí Rawlins, mọ̀ pé ibi tí fóònù ti ń kú wà, àti pé ṣánẹ́ẹ̀lì 19 ni àwọn awakọ̀ á ti kọ́kọ́ sọ pé ọkọ̀ ti dojú dé níwájú.

Tí ẹ bá fẹ́ túùnù ẹ̀ fúnra yín, ẹ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ jìnnà sí ògiri àti ọkọ̀ mìíràn. Tí nọ́ńbà 40 bá ga ju ti 1 lọ, ọ̀pá ti gùn jù. Tí ti 1 bá ga jù, ó kúrú. Tó bá ga níbi gbogbo, ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀pá: ó lè jẹ́ ọ̀dà tàbí ìpẹtà ló wà níbi tó ti kan irin ọkọ̀, tàbí wọ́ṣà ike ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ya. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tìtorí áńtẹ́nà bá yín ṣí rédíò láti "peak" ẹ̀, ìyẹn láti fi kún agbára rẹ̀. Òfin ò gbà á, ohùn yín á wá máa pariwo wọ ṣánẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má gé nǹkan kan lára rẹ̀. Ìwé inú páálí ní kí ẹ gé orí ọ̀pá kí nọ́ńbà lè wálẹ̀. Tí ẹ bá gé e tán, wọ́n á ní àwọn ò gba ọjà tí wọ́n ti gé padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún bọ̀dá kan tí a jọ ń kó ẹrù. Ẹ ya fídíò mítà lórí 1, 20 àti 40, kí àmì SET hàn níbẹ̀, kí ẹ tọ́jú páálí àti rìsíìtì. Tó bá jẹ́ káàdì kírẹ́díìtì lẹ fi san án, 60 ọjọ́ lẹ ní láti fi ṣàròyé, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí báńkì tó ni káàdì fi ìwé owó tí ọjà náà kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹjọ́ owó, torí ìpè fóònù nìkan ò tó.