Hilton, Marriott, Hyatt, IHG àbí Accor: póìǹtì ta ló yẹ kẹ́ ẹ fi sùn fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ìlú ńlá?

Ẹ jẹ́ n ti ibi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń jìn sí kòtò. Póìǹtì tí àwọn ilé iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì márùn-ún yìí ń fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó bá sùn lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ẹ̀bùn o, owó yín ni, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n kàn yí pa dà. Ká ní yàrá kan jẹ́ 180 dọ́là, owó orí ẹ̀ ti wà nínú ẹ̀, Hilton wá ní kẹ́ ẹ kó 40,000 póìǹtì wá dípò ẹ̀. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ fi 40,000 pín 180, ẹ máa rí i pé póìǹtì kan ò ju 0.45 sẹ́ǹtì lọ. Hilton kan náà yìí, tí wọ́n bá gbé ẹ̀dínwó jáde, máa ń ta póìǹtì ní ààbọ̀ sẹ́ǹtì, ẹ̀yin wá ń ná an ní iye tó kéré sí iye tí wọ́n ń tà á, èrè dà níbẹ̀? Ẹ sanwó jàre, kẹ́ ẹ tọ́jú póìǹtì yín, ẹ ṣì máa rí òmíràn gbà lórí owó tẹ́ ẹ san, 10 lórí dọ́là kan ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wọn, ẹni tó bá sì wà ní Gold, ọ̀kan lára ipò tí wọ́n ń fún oníbàárà tó máa ń sùn lọ́dọ̀ wọn dáadáa, máa gba àlékún ìdá 80 nínú 100 lé e. Àmọ́ tí bọ́ọ̀lù tàbí àpérò ńlá kan bá kó èrò wọ ìlú yẹn, tí yàrá náà fò di 320 dọ́là, tí wọn ò sì tíì gbé iye póìǹtì ẹ̀ sókè, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fa póìǹtì yọ.

Ohun tó ń da àwọn èèyàn lójú rú ni pé wọ́n ń ka póìǹtì ti ibí àti ti ọ̀hún bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Hyatt ń fún yín ní 5 péré lórí dọ́là kan, Marriott àti IHG ń fún yín ní 10 ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wọn, ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní ahun ni Hyatt. Ṣùgbọ́n tí Hyatt bá gba 12,000 póìǹtì lórí yàrá 210 dọ́là, póìǹtì kan ti di 1.75 sẹ́ǹtì nìyẹn, ẹ fi wé 0.45 òkè yẹn. Hyatt sì ṣì ń gbé àtẹ iye póìǹtì síta, láti ipele 1 dé 8, ẹ máa mọ ibi tó lè ga dé, nígbà tó jẹ́ pé ti Hilton, Marriott àti IHG ń lọ sókè sódò bí ọjà ọjọ́ yẹn bá ṣe rí. Ibi tí Hyatt ti ń já mi kulẹ̀ ni pé hòtẹ́ẹ̀lì wọn ò pọ̀ tó ti àwọn yòókù, ìlú míì wà tó jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa rí níbẹ̀, ìyẹn gan-an á tún wà lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú.

Accor ní tiwọn ò ní wàhálà kankan: 2,000 póìǹtì, 40 yúrò, ó parí. Yàrá ì báà wọ́n, ì báà pọ̀, 40 yúrò náà ni wọ́n máa yọ kúrò nínú owó yín. Ẹ ò ní jẹ èrè rẹpẹtẹ, ẹ ò sì ní pàdánù, ẹni tí kò ráyè ìṣirò ni mo máa ní kó lọ síbẹ̀.

Alẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pariwo

Marriott ní tẹ́ ẹ bá fi póìǹtì sùn fún alẹ́ 5, ti 4 lẹ máa san. Hilton náà ní alẹ́ karùn-ún ọ̀fẹ́, àmọ́ ó di ipò Silver, tó wà nísàlẹ̀ Gold, sókè. Ó dáa, ta wá ló ń lo alẹ́ 5 nínú ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀? Mo ti rí ẹni tó fi alẹ́ méjì kún ìrìn àjò ẹ̀ torí ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó wá san póìǹtì alẹ́ kan tí kò nílò, ó tún ń náwó oúnjẹ ọjọ́ méjì lé e. Ti IHG ló bá wa mu jù, alẹ́ kẹrin ọ̀fẹ́, ẹ dé ní Tọ́sìdeè, ẹ kúrò ní Mọ́ńdè, kìkì pé àwọn tó ní irú káàdì kírẹ́díìtì IHG kan ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ẹ wá ṣọ́ra fún owó tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú ńlá Amẹ́ríkà máa ń gba owó àfikún lórí yàrá lójúmọ́ kan, resort fee tàbí destination fee ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá fi póìǹtì nìkan san yàrá, Hilton àti Hyatt ò ní gbà á lọ́wọ́ yín, Marriott ń gbà á. Ní Yúróòpù, owó orí tí ìlú ń gbà lọ́wọ́ àlejò lẹ máa ń bá pàdé ní kántà, kódà kẹ́ ẹ fi póìǹtì sanwó. Amsterdam ti sọ tiwọn di ìdá 12.5 nínú 100 owó yàrá láti 2024, torí náà iye tó wà lókè sáìtì kọ́ lẹ máa fi ṣe ìṣirò, iye tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni.

Gold kan ò jọ Gold kan

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Gold ti Hilton ń fún ẹ̀yin àti ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ wà ní yàrá ní oúnjẹ àárọ̀ ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì wọn, ní Amẹ́ríkà owó tẹ́ ẹ máa fi jẹun nínú hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Gold ti Marriott ò ní oúnjẹ àárọ̀ rárá, àfi kẹ́ ẹ di Platinum, alẹ́ 50 lọ́dún kan. Ti Hyatt di Globalist, alẹ́ 60. Ti IHG di Diamond, alẹ́ 70. Ẹ̀yin ẹni méjì, ká ní oúnjẹ jẹ́ 20 yúrò lórí ẹnì kan, àárọ̀ mẹ́ta, 120 yúrò ti wọlé nìyẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan póìǹtì kankan. Fún ìrìn àjò kúkurú, ipò tó ń gbé oúnjẹ wá sàn fún mi ju àádọ́ta ẹgbẹ̀rún póìǹtì lọ.

Àmọ́ ẹ má máa lé ipò kiri. Ẹni tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, alẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́fà ni gbogbo ẹ̀, Silver tó jẹ́ alẹ́ 10 gan-an ò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti ní káàdì ìsanwó American Express Platinum lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà tàbí UK, Gold ti Hilton àti ti Marriott ti wà lára ẹ̀, ẹ kàn ní láti lọ forúkọ sílẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ wá gba káàdì yẹn tìtorí oúnjẹ àárọ̀ nìkan, rárá o, owó ọdọọdún ẹ̀ á fọ́ yín lójú.

Èmi náà ti kàgbákò rí. Mo rí yàrá kan lórí sáìtì alágbàtà, ó fi 9 yúrò dín sí ti hòtẹ́ẹ̀lì fúnra wọn, mo ní kí ló kàn mí, mo tẹ̀ ẹ́. Mo dé kántà, mo na fóònù mi tó ń tàn Gold yanran, ọmọbìnrin yẹn tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní ọwọ́ ẹlòmíì ni mo ti ra yàrá, pé Gold mi ò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Kò sí oúnjẹ, kò sí póìǹtì, alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò kà, yàrá tí wọ́n fún wa sì kọjú sí ẹnu líìfìtì, gbogbo òru la fi ń gbọ́ gbìgbì. Oúnjẹ ẹni méjì fún àárọ̀ mẹ́ta, èmi ni mo san án. Ó wà nínú òfin wọn tẹ́lẹ̀ o, àgbọ́ọ̀gbọ́tán ló ṣe mí.

Ti ọkọ̀ òfuurufú ò gùn. Máìlì, ìyẹn póìǹtì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, kì í sábà pa owó orí rẹ́ pátápátá, ẹni tó bá fi Avios, póìǹtì British Airways, wọkọ̀ kúrò ní London ṣì máa san owó díẹ̀ lé e, torí náà tí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú bá wà, òun ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi máìlì pa mọ́ de ìrìn àjò tó jìn.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń fi póìǹtì mú yàrá sílẹ̀ kí ọjọ́ tó sún mọ́, torí yàrá tí wọ́n fi póìǹtì mú, ọ̀pọ̀ ẹ̀ lẹ lè fagi lé kí póìǹtì pa dà wá, nígbà tó jẹ́ pé yàrá olówó tó bá pọ́ọ́kú jù, tẹ́ ẹ bá ti san án, ó lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà mo máa ń yọjú wo owó yàrá kan náà ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Tó bá já wálẹ̀, mo gba póìǹtì mi, mo sanwó. Ẹ ṣá wo ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fagi lé e, òmíràn ọjọ́ kan, òmíràn ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, aago ìlú tẹ́ ẹ̀ ń lọ ni wọ́n sì ń lò, kì í ṣe ti yín.