Ọwọ́ ọ̀tún àbí ẹ̀gbẹ́ òkè: gúúsù àti àríwá nínú èdè Kazakh àti èdè Tọ́kì

Ní ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, èdè Kazakh, ti orílẹ̀-èdè Kazakhstan, àti èdè Tọ́kì, ìbátan rẹ̀, fẹnu kò. Inú jíjáde ni Kazakh ti fa "şığıs", ìlà-oòrùn, yọ. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a bí ọmọ, tó tún jẹ́ kí oòrùn yọ, ni Tọ́kì ti mú "doğu", ìlà-oòrùn tirẹ̀. Inú rírì, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ni "batıs" ti Kazakh àti "batı" ti Tọ́kì, ìwọ̀-oòrùn, ti wá.

Gúúsù àti àríwá ni wọ́n ti pínyà. Kazakh kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ó wá wo ọwọ́ rẹ̀: "oñ" ni ọ̀tún, ìyẹn ló bí "oñtüstik", gúúsù, "sol" ni òsì, òun ló bí "soltüstik", àríwá. Ọgbọ́n àtijọ́ gbáà nìyí. Lára òkúta ìrántí Kül Tigin, ọmọ ọba àwọn Tọ́kì àtijọ́, tí wọ́n gbé ró ní àfonífojì Orkhon ní Mòǹgólíà lọ́dún 732, iwájú ni ìlà-oòrùn, ẹ̀yìn ni ìwọ̀-oòrùn, ọ̀tún ni gúúsù, òsì ni àríwá.

Òkè ni Tọ́kì wò ní tirẹ̀. "Güney", gúúsù, ni ẹ̀gbẹ́ òkè tí oòrùn ń pa. "Kuz", ẹ̀gbẹ́ tó wà lábẹ́ òjìji, ló di "kuzey", àríwá. Kí àtúnṣe èdè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1932 tó sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ ìwé, "cenup" àti "şimal" tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá ló gbòde.

Ti Kazakh ló wù mí jù. Ibi gbogbo láyé ló ti bá a mu, nígbà tó jẹ́ pé ní Ajẹntínà, tó wà ní ìdajì gúúsù ayé, ẹ̀gbẹ́ àríwá òkè gan-an ni oòrùn ń pa.