Àgbéyẹ̀wò ráútà 4G onísíìmù fún ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ráútà yìí dáa fún ilé tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ máa wo kámẹ́rà ilé yín láti ìlú mìíràn, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ṣájà rẹ̀ jẹ́ 12V, 1A, nítorí náà UPS kékeré oní-12V lè gbé e bí iná bá lọ.

Ibi tí ẹ bá gbé e sí ló máa sọ bó ṣe máa yá tó. Ẹ má gbé e sórí àjà lábẹ́ páànù, ẹ má sì fi sẹ́yìn fíríìjì, torí irin kì í jẹ́ kí sígínà kọjá. Ògiri amọ̀ ilé àtijọ́ náà nípọn, ó máa ń dín in kù. Ẹ gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọọ̀kì, ẹ ṣí 192.168.8.1, ojú-ìwé ètò ráútà náà, lórí fóònù tó wà lórí Wi-Fi rẹ̀, kí ẹ wo RSRP, ìyẹn agbára sígínà. Bó bá wà ní -85 dBm, ó dáa gan-an. Bó bá ti wọ -110, ẹ wá fèrèsé mìíràn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé bí sígínà bá já fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, fáìlì tó ń wọlé kì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àtijọ́ nìyẹn. Láti ìgbà ARPANET, nẹ́tíwọọ̀kì tó bí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Amẹ́ríkà ní 1969 ni wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí ARPANET bọ́ sórí TCP/IP, òfin tí kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1983, TCP ló ń ka àwọn ẹyọ náà; èyí tó bá sọnù, á tún un fi ránṣẹ́. Fáìlì á kàn falẹ̀ ni, kò ní kú.

Ìgbà yẹn náà ni àléébù ráútà yìí tó tóbi jù ti wá. Àdírẹ́sì IPv4, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ bíìtì 32, kò lè ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ lágbàáyé. Ní oṣù Èrèlé 2011, IANA, àjọ tó ń bójú tó àdírẹ́sì náà lágbàáyé, pín èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ síìmù ṣe ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan. Ẹ wo WAN IP, àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ síìmù fún ráútà yín: bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, àjọlò ni tiyín. Port forwarding, ètò tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà níta wọlé sí ẹ̀rọ inú ilé, wà nínú mẹ́nù o, àmọ́ ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò ní rí kámẹ́rà yín gbà á. Kámẹ́rà tó ń gba sáfà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọjá ni kí ẹ rà.

Páálí rẹ̀ sọ pé èèyàn 32 lè lò ó pọ̀. Nílé akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Under G, lálẹ́ tí òpó bá ti kún, mi ò ní fi ju mẹ́jọ lọ. Ẹ pa auto-update lórí fóònù gbogbo wọn, òun ló ń jẹ dátà mọ́ni lọ́wọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ password tí wọ́n kọ sábẹ́ ráútà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé sí i.