Ìkìlọ̀: graphics card ayédèrú ń bẹ ní Ifẹ̀ o, ₦85,000 mi ti wọgbó

Ẹ̀yin tá a jọ ń fi kámẹ́rà jẹun ní Ifẹ̀, Mọ́dákẹ́kẹ́ àti Iléṣà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ta "GTX 1050 Ti", ìyẹn graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, fún yín ní pọ́ọ́kú, ẹ má tíì sanwó. Ẹ ka èyí tán ná. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń pa á mọ́ra nítorí ìtìjú. Ọdún kọkànlá mi nìyí nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ti ya Ọlọ́jọ́ ní Ẹnuwá láàárín èrò tí wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni ò já lẹ́ǹsì gbà lọ́wọ́ mi rí. Àfi ọmọ tí irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì kún, tó jókòó sábẹ́ fáànù nínú ṣọ́ọ̀bù, tó fẹnu dídùn gba ₦85,000 lọ́wọ́ mi. Mo tiẹ̀ tún ṣàdúrà fún un kí n tó kúrò níbẹ̀ o! Mo ní ọjà á tà. Ẹ ò rí ayé mi bí?

Ìgbéyàwó kan ní Iléṣà ló fà á. Fọ́tò RAW (fọ́tò tútù bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde) 1,400 ló wà nílẹ̀, ìyá ìyàwó sì ti san ìdajì owó. HP tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi, i5 ìran kẹrin, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí) 8GB, hard disk tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Tí mo bá tẹ export nínú Lightroom tá a fi ń tún fọ́tò ṣe, kó lè kó fọ́tò tó ti parí jáde, ó di kí n lọ jẹun, kí n sùn, kí n jí. Wákàtí mẹ́rin, ó dín díẹ̀. Màmá yìí ò sì jẹ́ kí n simi. Àárọ̀, fóònù. Alẹ́, fóònù. "Ṣé ìgbà tá a bá ń sọmọ lórúkọ lo máa tó kó fọ́tò ìgbéyàwó dé ni?"

Bí mo ṣe gba ṣọ́ọ̀bù ọmọ yìí lọ nìyẹn, nítòsí Mayfair. Mi ò ní dárúkọ, ẹ má bi mí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá wa, kò sí nǹkan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà yín o. Ojú ló ń dùn ún. Ẹ fún un lójú tuntun, wákàtí mẹ́rin yẹn á di ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ojú ló ń dùn ún! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí bí oyin. Ó gbé páálí jáde, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Ó kì í bọ kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó tan géèmù kan, ó ṣí ojú ìwé kan fún mi: NVIDIA GeForce GTX 1050 Ti, 4GB. Mo kà á. Mo tún un kà. Ó ní ₦110,000, mo ná an di ₦85,000, inú mi ń dùn pé mo gbọ́n. Owó sáà kejì ọmọ mi obìnrin ló wà nínú àkáǹtì tí mo ti fi ránṣẹ́. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀. Tó bá ka èyí, á mọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí n rí. Mo mọ̀. Nígbà tó ń dè é mọ́ kọ̀ǹpútà mi, ó fa wáyà kékeré kan yọ, ó so ó mọ́ wáyà iná inú ẹ̀rọ, ó sì ki ẹnu kejì bọ ìdí káàdì yẹn. Mo bi í pé wáyà kí nìyẹn. Ó ní kó lè jẹun yó ni. Ó tún ní kí n má ṣe gba update driver (ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) láéláé, pé driver tó wà lórí flash òun nìkan ló bá a lára mu. Mo mi orí bí alángbá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iná wà, mo tẹ export. Wákàtí mẹ́ta àti àádọ́ta ìṣẹ́jú! Ìyẹn gan-an tún jẹ́ ìgbà kejì, torí nígbà àkọ́kọ́, bó ṣe dé fọ́tò 612, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn birimù. Mo pa á, mo tàn án. Mo ní bóyá iná ló kéré. Mo ń bá olè wá àwáwí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "fọ́tògíráfà wo ni kò mọ 1050 Ti gidi", ẹ dákun, ẹ rọra. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ìmọ́lẹ̀, kí n mọ ojú ènìyàn. Èmi kọ́ ni mo rọ káàdì. Ẹni tó bá ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ṣé òun ló yẹ kó mọ̀ pé ayédèrú ni? Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo kánjú. Ó yẹ kí n bi ẹnì kan.

Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì wa níbí ló fi GPU-Z, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì, yẹ káàdì náà wò fún mi. Ọ̀fẹ́ ni GPU-Z, láti 2018 ló sì ti ń dá irú káàdì ayédèrú báyìí mọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan. FAKE ni mo rí gàdàgbà níwájú orúkọ káàdì mi, bí òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù mọ́ itan màlúù. GTS 450 ni, káàdì 2010! Wọ́n wọ inú ọpọlọ ẹ̀ lọ, wọ́n kọ́ ọ kó máa dáhùn sí orúkọ 1050 Ti tó jáde ní 2016. 1050 Ti gidi ní core (àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú ṣípù) 768. Tèmi ní 192. 4GB tó ń fọ́nnu, 1GB péré ló wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti kọjá ìyẹn, ó dákú. Wáyà "jẹun yó" yẹn ńkọ́? Wáàtì 75 ni 1050 Ti gidi ń jẹ, ojú ihò tí wọ́n kì í bọ̀ gan-an ló ti ń gbà á, púpọ̀ nínú wọn ò nílò wáyà kankan. GTS 450 ń jẹ 106. Ebi àgbà ló ń pa á.

Èyí tó dùn mí wọ eegun ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi hàn mí lẹ́yìn náà. Ó ní kí n tẹ export, ó sì ṣí Task Manager, ojú ìwé Windows tó ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ hàn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, wà ní 100%. RAM ti jẹ 7.6GB nínú 8GB. Hard disk ń mí gúlegúle. Káàdì tí mo fowó ọmọ rà jókòó, kò ṣe nǹkan kan. Ó ní, "Bọ̀dá, ká ní ojúlówó lẹ rà, kì í ṣe òun ló ń dá yín dúró." Pé lórí ẹ̀rọ bíi tèmi, RAM àti SSD (ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ) ló yẹ kí n kọ́kọ́ wá. Káàdì gidi níṣẹ́ tiẹ̀ lóòótọ́: Denoise tí Lightroom gbé jáde ní 2023, tó ń nu àwọn hóró wínníwínní kúrò nínú fọ́tò alẹ́, káàdì ni gbogbo okun ẹ̀. Nínú Photoshop, Liquify àti Smart Sharpen máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n ṣíṣí fáìlì, títo fọ́tò lé ara wọn, ojú fọ́tò tó ń pẹ́ kó tó yọ, ìyẹn ò kan káàdì tó bẹ́ẹ̀. Mo ti wá yáwó ra RAM 8GB sí i àti SSD. Gbogbo ẹ̀ ò tó ₦50,000. Export ò di ìṣẹ́jú mẹ́wàá o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó ti wọ abẹ́ wákàtí mẹ́ta, ẹ̀rọ ò sì gan mọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ òṣómàáló. Bàbá bàbá mi á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó títí tí onítọ̀hún á fi sanwó. Èmi náà lóṣòó síwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn láti aago mẹ́jọ. Òjò ló lé mi. Obìnrin tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní kí n wá fara pamọ́ sábẹ́ agboòrùn òun, ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ̀yin lẹ di ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ yìí." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta! Gbogbo wọn mọ̀! Oníṣọ́ọ̀bù tòsí mọ̀, ẹni tó ń tún fóònù ṣe lókè mọ̀, wọ́n ń wò wá bá a ṣe ń wọlé bí ewúrẹ́ tó ń wọ ìso. Mo pe ọmọ tó ta káàdì fún mi, ó ní òun wà l'Ékòó. Mo tún pè é, ó ti dí mi lọ́nà.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí, ọwọ́ mi ò balẹ̀ láti kọ púpọ̀. Ẹ gbé GPU-Z lọ lórí flash tiyín, ẹ fi wò ó lójú ẹni tó ń tà á. Tẹ́ ẹ bá rí ihò VGA (ti wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́) aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn ẹ̀, kí ara fu yín, torí NVIDIA tó ń ṣe ṣípù wọn ti yọ VGA kúrò nínú ṣípù ìran 1050 Ti. Tó bá ní ẹ má gba update, ẹ dìde. Ẹ gba rìsíìtì tó kọ orúkọ káàdì sí. Kẹ́ ẹ sì wo Task Manager yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ má sọ fún mi pé àwọn olóòótọ́ ṣì wà nínú wọn. Wọ́n wà níbo? Kí wọ́n jáde wá, kí wọ́n jẹ́ ká fi GPU-Z wo igbá wọn. Láti ìsinsìnyí lọ, bátìrì rìmóòtù gan-an, màá dán an wò níbẹ̀ kí n tó sanwó.

Lálẹ́ àná, ẹnì kan fi status ọmọ tó ta káàdì fún mi ránṣẹ́ sí mi: "GTX 1050 Ti 4GB, ẹyọ kan péré ló kù, ẹ tètè wá." Mo fẹ fọ́tò yẹn lójú. Ihò búlúù náà wà níbẹ̀ ketekete, kò tiẹ̀ fọwọ́ bò ó.